Bátìrì, Ṣájà àti Pánẹ́ẹ̀lì: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Bátìrì Ìbọn Afẹ́fẹ́ Oníná

Iṣẹ́ ìbọn afẹ́fẹ́ tí kò lo iná kò ṣòro láti yé ènìyàn. Sípíríǹgì ló ń ti òòlù irin kékeré kan, òòlù á gbá fáàfù, fáàfù á ṣí wẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà á sì ti ọta gba ẹnu ìbọn jáde. Nínú ìbọn oníná, sípíríǹgì yẹn ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tírígà sì ti di suwíìṣì lásán. Bí a bá fà á, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì inú ìbọn á ju iná sí kọ́ìlì wáyà kan, kọ́ìlì á di mágínẹ́ẹ̀tì kí ojú tó ṣẹ́, òun ni á sì ta òòlù náà. Ilé iṣẹ́ Daystate, tó wà ní ìlú Stone ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń yìnbọn sí àmì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ẹ má ṣe pò ó pọ̀ mọ́ ìbọn ìdíje 10 mítà, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Òlíńpíìkì, tó jẹ́ pé tírígà nìkan ni iná ń bá ṣiṣẹ́ nínú òmíràn nínú wọn. Ìyẹn kì í jẹ iná púpọ̀. Èyí tí iná ń ta òòlù rẹ̀ ni orí yìí dá lé, nítorí òun ni bátìrì rẹ̀ ń ṣe làálàá jù, òun sì ni àṣìṣe nínú pípààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ti lè fa iná, kó ba pánẹ́ẹ̀lì jẹ́, tàbí kó gbé ènìyàn dé kóòtù.

Irin àti igi ìbọn bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ ju ẹni tó kọ́kọ́ rà á lọ. Bátìrì rẹ̀ kò lè bá a dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò ní gbé iná dúró mọ́, ẹni tó ni ín á sì gbọ́ pé páàkì tí ilé iṣẹ́ ń tà ti wọ́n, tàbí pé wọn ò ṣe é mọ́. Nígbà náà ni yóò wo ara bátìrì, tí yóò rí 12V, tí yóò fi rúlà wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, tí yóò sì wá òmíràn tó bá nọ́ńbà yẹn mu, tó sì gba ihò ìdí ìbọn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé nọ́ńbà àti ìwọ̀n yẹn kò tó. A ṣe bátìrì, ṣájà àti pánẹ́ẹ̀lì fún ara wọn ni. Ẹni tó bá yí ọ̀kan padà gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí méjì yòókù kó tó so wáyà kankan. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi irú sẹ́ẹ̀lì kan náà, ní iye kan náà, dípò èyí tó kú. Ẹ má sì lọ sí lithium àyàfi tí ẹ bá ṣetán láti pààrọ̀ ṣájà pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹ sì ti mọ fólítéèjì tó ga jù tí pánẹ́ẹ̀lì lè gbà.

Kí owó tó jáde, ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀rí pé bátìrì ló jẹ̀bi. Ohun tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni pé bátìrì tó ti darúgbó ṣì lè fi nọ́ńbà tó dáa hàn lórí mítà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní páàkì NiMH (nickel-metal hydride) tó ní sẹ́ẹ̀lì 10 ni, tí ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.025 ohm nígbà tó ṣì tuntun. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.25 ohm. Bí kọ́ìlì bá fa ampere 5 lẹ́ẹ̀kan náà, 1.25V ni yóò ṣòfò sínú bátìrì fúnra rẹ̀. 13V á wá sí 11.75V, kọ̀ǹpútà inú ìbọn kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, tí ìdènà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti di 0.15 ohm, àpapọ̀ á di 1.5 ohm, ampere 5 kan náà á sì gbé 7.5V mì. Nínú 13V, 5.5V péré ló kù fún pánẹ́ẹ̀lì. Mítà ń sọ pé bátìrì yó, síbẹ̀ ìbọn ń kú gẹ́lẹ́ bí a bá ti fa tírígà, ojú ibi tó ń kọ nọ́ńbà á ṣú, lẹ́yìn náà á tún tàn. Ẹni tí kò mọ ìdí èyí á gbé ìbọn lọ fún ẹni tó ń tún pánẹ́ẹ̀lì ṣe, á sì san owó tí kò yẹ kó san.

Ọ̀nà tó dájú láti mọ òótọ́ ni kí a di ẹrù lé bátìrì lórí. Ẹ yọ mágásíìnì, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta kankan lẹ́nu, ẹ kọjú ìbọn sí ibi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹ pa á, kí ẹ tó yọ bátìrì. Kàpásítọ̀ orí pánẹ́ẹ̀lì lè ṣì di iná mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí bátìrì ti kúrò, nítorí náà ẹ má tètè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ fi ṣájà rẹ̀ ṣáájì bátìrì náà kó kún, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gílóòbù iná ẹ̀yìn mọ́tò, èyí tó ń tàn bí a bá tẹ bíréèkì, tí wọ́n kọ 12V 21W sí lára. Yóò fa nǹkan bí ampere 1.75. Ẹ fi abẹ la rọ́bà tó bo páàkì náà jẹ́jẹ́ kí orí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lè yọ, ẹ so gílóòbù mọ́ ọn, kí ẹ sì máa fi ẹnu mítà kan sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí gílóòbù ti ń tàn. Èyí tó lágbára á dúró sí nǹkan bí 1.2V, kò ní yẹ̀. Èyí tó ti lọ á máa sọ̀ kalẹ̀ lójú yín: 1.0, 0.8, 0.4, títí tí àmì ìyọkúrò á fi hàn níwájú nọ́ńbà, tó túmọ̀ sí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ti ń fi tipátipá ti iná gba inú rẹ̀ lódìkejì. Ẹ wo orí sẹ́ẹ̀lì yẹn dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun tó gan mọ́ etí rẹ̀, àpẹẹrẹ pé omi inú rẹ̀ ti jò. Omi yẹn máa ń jẹ ara, ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà mú un, ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá dé ibi yìí á sọ pé, bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bàjẹ́ nínú mẹ́wàá, kí ló dé tí a ò fi pààrọ̀ ọ̀kan yẹn kí mẹ́sàn-án máa bá iṣẹ́ lọ? Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n dání lójú, mo sì mọ̀ pé owó ló ń fà á. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tó kú, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jáde nílé iṣẹ́, ṣájà kan náà ló ti ń lò wọ́n. Iye iná tí wọ́n lè gbà ti dín kù, ti tuntun kò tíì dín. Bí a bá ń ṣáájì wọn pọ̀, àwọn arúgbó á tètè kún, wọ́n á sì máa gbóná nígbà tí tuntun kò tíì yó. Bí a bá ń lò wọ́n, èyí tó rẹ̀ jù nínú wọn á kọ́kọ́ tán, àwọn yòókù á sì tún máa ti iná gba inú rẹ̀ lódìkejì, gẹ́gẹ́ bí mítà ti fi hàn wá lẹ́ẹ̀kan. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ó tún padà sídìí páàkì kan náà pẹ̀lú abẹ àti áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó léèdì. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ rà pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, tó jẹ́ irú kan náà.

Wàyí o, a dé ibi tí àríyànjiyàn ti pọ̀ jù, ìyẹn nọ́ńbà tó wà lára bátìrì. "12V ni 12V," ni wọ́n máa ń wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ara bátìrì jẹ́ ìwọ̀n àárín gbùngbùn. Ohun tí pánẹ́ẹ̀lì ń rí ni ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì NiMH, tí wọ́n ń pè ní 1.2V, máa ń tó 1.4V sí 1.45V bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà, a sì gbọ́dọ̀ dúró bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé 1.0V. Mẹ́wàá rẹ̀ ń lọ láti 14V àti ohun díẹ̀ wá sí 10V. Sẹ́ẹ̀lì Li-ion, irú lithium kan, tí wọ́n ń pè ní 3.6V tàbí 3.7V, máa ń kún ní 4.2V, kò sì yẹ kó lọ sí ìsàlẹ̀ 3V. Mẹ́ta rẹ̀ ń lọ láti 12.6V wá sí 9V. Mẹ́rin ń bẹ̀rẹ̀ láti 16.8V. LiFePO4, irú lithium mìíràn, tí òun jẹ́ 3.2V, máa ń kún ní 3.65V, nítorí náà mẹ́rin rẹ̀ á tó 14.6V lórí ṣájà, á sì balẹ̀ sí nǹkan bíi 13.4V bí ó bá ti sinmi. Ẹ rí i pé mẹ́ta nínú Li-ion kò lè jó pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe fún NiMH mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ nípa ìgbà tí iná ń tán á dàrú. Mẹ́rin nínú Li-ion fi èyí tó ju 2V lọ kọjá ohun tí pánẹ́ẹ̀lì náà ti rí rí, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé àwọn ohun kéékèèké orí rẹ̀ á gbà á. Ní ti LiFePO4, ó jọ pé òun ló bá a mu jù, àmọ́ fólítéèjì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ìbọn á máa sọ pé bátìrì kún títí tí yóò fi kú pátápátá láìsí ìkìlọ̀.

Bí fólítéèjì bá tilẹ̀ bára mu, ọ̀rọ̀ ṣájà ṣì wà níbẹ̀, òun ni mo kà sí pàtàkì jù ní gbogbo orí yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ti lè jó. Ṣájà NiMH tó gbọ́n ń mọ̀ pé bátìrì ti kún nípa wíwo fólítéèjì rẹ̀: bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, fólítéèjì rẹ̀ á sì já wálẹ̀ díẹ̀, ohun tó wà láàárín 0.005V sí 0.01V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ìjáwálẹ̀ kékeré yẹn ni ṣájà ń dúró dè. Lithium kì í já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi lithium sórí ṣájà NiMH, ṣájà á máa dúró de àmì tí kò ní wá, á sì máa ti iná wọlé kọjá 4.2V, ibẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń wú, tó ń tú èéfín, tó sì ń gbiná. Ìdàkejì rẹ̀ náà kò dára. Ṣájà lithium máa ń di fólítéèjì kan mú, á sì jẹ́ kí iná máa dín kù títí tí bátìrì á fi kún. Bí ẹ bá di 12.6V mú fún NiMH mẹ́wàá, 1.26V ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan rí, kò ní kún láéláé. Bí ẹ bá gbé e dé 14.6V, NiMH tó ti gbóná á máa fa iná sí i bí fólítéèjì rẹ̀ ti ń já wálẹ̀, á sì máa gbóná sí i nítorí iná tó ń fà, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró.

Wáyà kẹta tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ páàkì wà lára ọ̀rọ̀ ṣájà yìí. Wáyà pupa àti dúdú ń gbé iná; ẹ̀kẹta, tó sábà máa ń funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ń lọ sára ohun kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, tó ń sọ fún ṣájà bí wọ́n ti gbóná tó. Nínú ọ̀pọ̀ páàkì, 10,000 ohm ni mítà máa ń kà lára rẹ̀ ní 25°C, nọ́ńbà náà á sì máa dín kù bó ti ń gbóná. Àwọn kan máa ń gé wáyà yìí sọnù nítorí pé wọn ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi rẹ́sítọ̀ lásán dí ojú rẹ̀ kí ṣájà má bàa kọ̀. Ṣájà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún á gbà pé ara bátìrì tutù ní gbogbo ìgbà, kódà bí ó bá ń jó. Ẹ yọ ohun kékeré náà kúrò lára páàkì àtijọ́ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ti tuntun, kó kan ara sẹ́ẹ̀lì gan-an.

Àwọn tó fẹ́ràn lithium ní àwíjàre tó lágbára, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Láti ìgbà tí Sony ti gbé Li-ion wọ ọjà ní 1991, bátìrì tó fúyẹ́, tó sì ń gba iná púpọ̀, ti yí ayé padà. Ìdí rèé tí wọ́n fi fún Goodenough, Whittingham àti Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Kí ló dé tí ìbọn yóò fi máa lo ti àtijọ́? Ẹ jẹ́ ká tún fi ìṣirò dáhùn. Ká ní ìyìnbọn kan ń gba ampere 5 fún ìṣẹ́jú àáyá 0.005. Sẹ́ẹ̀lì tó gba 1 mAh (ìwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà) péré lè yin ìbọn bẹ́ẹ̀ nígbà 144. Ẹgbẹ̀rún ìyìnbọn kò tó 7 mAh. Ká tilẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá nítorí ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, 70 mAh náà ni. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń mu 20 mA láti àárọ̀ di alẹ́, fún wákàtí 8, á jẹ 160 mAh. Páàkì NiMH oní 1,100 mAh gbé gbogbo rẹ̀ láìmí kanlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà á sì ti tán lọ́pọ̀ ìgbà kí bátìrì tó sọ pé ó rẹ òun. Ohun tí ìbọn ń bèèrè ni pé kí bátìrì lè tú iná sílẹ̀ lójijì láìsọ̀ kalẹ̀. Ìdènà inú ló ń pinnu ìyẹn, kì í ṣe nọ́ńbà mAh tí wọ́n fi ń pe oníbàárà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi 1,100 sílẹ̀ lọ sí 3,000 ń ra ohun tí ìbọn rẹ̀ kò ní lò. Àfikún sí i ni pé ọjà kún fún irọ́: sẹ́ẹ̀lì Li-ion tí wọ́n ń pè ní 18650, tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára, wà níta káàkiri, bẹ́ẹ̀ sì ni ojúlówó tó wọ́pọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3,500.

Ewu lithium náà kì í ṣe ìtàn tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2013, wọ́n dá gbogbo bàálù Boeing 787 dúró sílẹ̀ káàkiri àgbáyé nítorí bátìrì lithium wọn. Ní 2016, Samsung kó fóònù Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà nítorí bátìrì tó ń gbiná. Ọdún yẹn kan náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Igbe, ni òfin ọkọ̀ òfuurufú ti sọ pé bátìrì Li-ion tó dá wà kò gbọ́dọ̀ bá èrò rìn bí ẹrù nínú bàálù. Bí àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ẹnjiníà, yàrá àyẹ̀wò àti owó bá lè ṣi í ṣe, ó yẹ kí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù kan ṣọ́ra púpọ̀. Mo gbà pé ìgbà míràn wà tí kò sí ọ̀nà míràn, pàápàá bí ihò ìdí ìbọn kò bá gba sẹ́ẹ̀lì NiMH tí a ṣì ń rí rà. Bí ó bá di dandan, ẹ lo páàkì tí ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ti dì tán, tó ní pánẹ́ẹ̀lì ààbò tirẹ̀ tí yóò gé iná bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kọjá 4.2V tàbí bí ó bá sọ̀ jù. Ẹ rí i pé ààbò náà fàyè gba iná òjijì tí kọ́ìlì ń fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa gé e ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yìnbọn. Ẹ ra ṣájà lithium tó bá iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mu. Ẹ yí ẹnu wáyà rẹ̀ padà sí irú tí kò lè wọ ẹnu ṣájà àtijọ́, kí ẹlòmíràn nínú ilé má bàa so ó mọ́ ọn láìmọ̀. Ẹ má sì ṣáájì rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ 0°C, ohun tí ọdẹ tó gbé ìbọn sínú mọ́tò mọ́jú nígbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè bá pàdé láìròtẹ́lẹ̀.

Àwọn kan ti dábàá páwà báǹkì, kí wáyà kan máa ti àpò wá sínú ìbọn. Kò ṣeé ṣe dáadáa. 5V ni páwà báǹkì sábà máa ń gbé jáde, ẹ ó nílò ohun tí yóò gbé e sókè sí 12V, ohun náà á sì gọ̀ bí kọ́ìlì bá fa iná lójijì. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ páwà báǹkì máa ń pa ara wọn bí ohun tí a so mọ́ wọn kò bá mu iná tó.

Ọ̀rọ̀ òfin kan ṣì wà tó so mọ́ bátìrì tààrà. Ní England àti Wales, ẹni tó ti tó ọjọ́ orí lè ní ìbọn afẹ́fẹ́ olójú gígùn láìgba ìwé àṣẹ bí agbára ọta rẹ̀ lẹ́nu ìbọn kò bá ju 12 foot-pound lọ, ìyẹn nǹkan bíi joule 16.27. Kọjá ibẹ̀, ìbọn gidi ni lójú òfin, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni láti ní in láìsí ìwé àṣẹ. Ní Scotland, láti ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 2016, èyí tí kò tó ìwọ̀n yẹn pàápàá ti ń gba ìwé. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tó ń gba láísẹ́ǹsì. Níbo ni bátìrì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Nínú ìbọn oníná, iye iná tó wọ kọ́ìlì ló ń pinnu bí òòlù ṣe máa gbá fáàfù tó. Pánẹ́ẹ̀lì kan á máa ṣètò iná náà kó tó dé kọ́ìlì, òmíràn kì í ṣètò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọta tó wúwo tó gíráàmù 0.547, tó ń sáré mítà 238 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní agbára tó tó joule 15.5. Bí ìyára rẹ̀ bá di mítà 244, ó ti lé ní joule 16.27. Mítà mẹ́fà péré ló wà láàárín ẹni tó pa òfin mọ́ àti ẹni tí ọlọ́pàá lè mú, ẹnu ìbọn kò sì ní sọ fún un pé nǹkan kan ti yí padà. Nítorí náà, kí ẹ tó yọ bátìrì àtijọ́, bí ó bá ṣì lè yìnbọn, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára ọta gba nọ́ńbà ìyìnbọn mẹ́wàá sílẹ̀. Bí tuntun bá ti wọlé, ẹ tún gba mẹ́wàá nígbà tí bátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, kí ẹ sì tún gba mẹ́wàá nígbà tó fẹ́ tán, pẹ̀lú ọta kan náà. Bí nọ́ńbà bá lọ sókè, ẹ yọ bátìrì náà, kí ẹ má sì lo ìbọn títí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ìdìpọ̀ páàkì fúnra rẹ̀, ẹ ra sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti jó pẹlẹbẹ níkẹ́ẹ̀lì mọ́ lórí àti nídìí láti ilé iṣẹ́. Àṣìṣe gbáà ni láti jó léèdì sí orí sẹ́ẹ̀lì gan-an. Ẹnu áyọ́ọ̀nù ń gbóná tó 350°C, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ya ọ̀dì méjì sọ́tọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì sì máa ń yọ́ kó tó tó ìdajì ìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ikú ti wọlé. Pẹlẹbẹ sí pẹlẹbẹ ni kí ẹ jó, kíákíá, jìnnà sí ara sẹ́ẹ̀lì. Ẹ tún ṣọ́ èjìká sẹ́ẹ̀lì: gbogbo ara agolo rẹ̀ ni nẹ́gétíìfù, ó sì gòkè dé ẹ̀bá orí pọ́sítíìfù, tó jẹ́ pé ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló wà láàárín wọn. Pẹlẹbẹ tó bá kọjá lórí etí yẹn, tó sì ń gbọ̀n nígbà tí ìbọn bá ń tú, á jẹ ike náà já lọ́jọ́ kan. Ẹ fi òrùka páálí líle bo etí orí pọ́sítíìfù kọ̀ọ̀kan kí pẹlẹbẹ tó kọjá. Ẹ fi fíúsì sí ojú ọ̀nà wáyà pupa, ní tòsí sẹ́ẹ̀lì; 5A tó ń lọ́ra jó tó fún àpẹẹrẹ tí a ń lò, iná òjijì tí kọ́ìlì ń fà kò sì ní já a. Kí páàkì tó kan ìbọn, ẹ fi mítà wo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èwo ni pọ́sítíìfù, èwo ni nẹ́gétíìfù, kí ẹ sì fi wé ti àtijọ́. Bí wọ́n bá sọdì, pánẹ́ẹ̀lì lè jó kí ẹ tó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ẹ fi iná díẹ̀díẹ̀ ṣáájì NiMH tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́: 110 mA fún wákàtí 14 sí 16 bí ó bá jẹ́ 1,100 mAh, kí gbogbo sẹ́ẹ̀lì lè kún dọ́gba. Ẹ máa fọwọ́ kàn án láti ìgbà dé ìgbà. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Èyí tí ọwọ́ kò lè gbà, ẹ yọ ọ́. Bí ìbọn kì í bá jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, ẹ wá irú NiMH tó ń tọ́jú iná pa mọ́, èyí tí Sanyo kọ́kọ́ gbé jáde ní 2005 pẹ̀lú orúkọ Eneloop, nítorí pé ti àtijọ́ lè pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún iná rẹ̀ láàárín oṣù kan láìṣe ohunkóhun. Ẹ fi síléòtéèpù bo ẹnu wáyà páàkì tó kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má jù ú sínú ilẹ̀ tàbí sínú iná. Ní Britain, ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta ju kílò 32 bátìrì lọ́dún gbọ́dọ̀ gba èyí tó kú lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà má jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ti rà á.